Nígbà Tí Wáyà Kọ̀ọ̀kan Ń Jíṣẹ́ Tirẹ̀

Wọ́n ti ta gbogbo wáyà tó wà lórí igi àgbálùmọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Rìwáyà ní Ìlárá. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri láti ra àlòkù irin àti kọ́pà ló wá kó o nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sanwó, wọ́n lọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wáyà yẹn ti wà níbẹ̀: pupa, dúdú, aláwọ̀ ilẹ̀, aláwọ̀ ewé, funfun tí ìlà búlúù gba àárín rẹ̀ kọjá, gbogbo rẹ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti kú, tí wọ́n ká róbótó, tí wọ́n sì fi kọ́ ẹ̀ka igi. Bí wáyà ọkọ̀ ẹnikẹ́ni bá jóná, orí igi yẹn ni Bàbá Rìwáyà máa ń nawọ́ sí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù náà báyìí, ó sì sọ fún mi pé òun ò rántí ọjọ́ tí òun nawọ́ sí i kẹ́yìn.

Mo gbà á gbọ́, torí mo ti jókòó wo bí òun náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá dé, kì í kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ló ń lọ. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fọwọ́ wá ihò pẹlẹbẹ kan lábẹ́ sítíárì, yóò ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ̀ ọ́, yóò wá dìde, yóò máa wo fóònù rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ yóò fi kọ ohun tó ń ṣe é síbẹ̀. Látìgbà tí mo ti rí èyí, tí mo sì rí ẹ̀ka igi tó ṣófo, ni mo ti ń ronú nípa iṣẹ́ rìwáyà bí mo ṣe bá a láyé, àti ohun tó dà.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Obì ni ìyá mi ń rà. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Rẹ́mọ dáadáa mọ̀ pé obì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń jẹun nígbà náà, àwọn Hausa oníṣòwò tó wà ní Sábó Ṣágámù ló sì ń rà á lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ń kó o gba òkè Ọya lọ. Ọkọ̀ ló so wá pọ̀ mọ́ Sábó. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò jí, obì ń bàjẹ́ nínú agbọ̀n, owó ìyá mi náà ń bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ṣọ́ọ̀bù yẹn bí mo ṣe mọ iyàrá tí mò ń sùn. Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà ni à ń pe ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà; kò tíì di bàbá.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní ògiri. Òpó mẹ́rin ni, páànù lórí, pẹpẹ ìṣiṣẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀, àti bátìrì tí wọ́n tò sílẹ̀ tí wọ́n ń gba iná sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ sí Ìlíṣàn tàbí tó ń bọ̀ láti oko lè dúró wò. Èmi náà máa ń dúró. Ọmọbìnrin ni mí, nítorí náà kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n mú sípánà dání rí. Wọ́n á ní kí n lọ bu omi wá, kí n lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ní kí n má wò, kò sì sí ohun tó bo ojú mi.

Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni tẹ́sítà. Wọn ò rà á lọ́jà. Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Gílóòbù fóòtì 12 kan ni, irú èyí tó wà nínú tíráfíkétọ̀, wáyà méjì ló jáde lára rẹ̀. Kílíìpù wà lẹ́nu ọ̀kan, ìṣó tín-ín-rín tí wọ́n fi sódà lẹ̀ mọ́ ọn wà lẹ́nu ìkejì. Bí fèrè ọkọ̀ ò bá dún, yóò fi kílíìpù gbá irin ara ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà mú, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣó náà gún wáyà fèrè láti ìdí fíúsì. Ó gún ibí, gílóòbù tàn. Ó sún síwájú díẹ̀, ó tún gún un, ó tàn. Ó tún sún síwájú, kò tàn mọ́. Yóò padà sẹ́yìn kan, yóò sì fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ mú àárín ibi méjèèjì, yóò máa fi wọ́ ara wáyà náà títí yóò fi bá ibi tí kọ́pà ti já nínú rọ́bà láìsí pé ojú rí i. Mo rí ẹ̀rín rẹ̀ nígbàkígbà tó bá bá a. Wáyà fèrè, fèrè nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún. Wáyà wípà, wípà nìkan. Ẹni tó bá ní sùúrù lè fi ọwọ́ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹni tó sọ ọ́ dé etí ẹni tó gbọ́ ọ.

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ nọ́ńbà. Ní àárọ̀, kí oníbàárà tó dé, yóò máa bi wọ́n léèrè, wọn yóò sì máa pariwo dáhùn.

“Ọgbọ̀n?”

“Tààrà láti bátìrì!”

“Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?”

“Lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́!”

“Mọ́kànlélọ́gbọ̀n?”

“Ara ọkọ̀!”

“Àádọ́ta?”

“Sítátà!”

Nọ́ńbà tí àwọn ará Jámánì kọ sára ẹnu wáyà nínú Volkswagen nìyẹn, òun náà ló wà lára ohun èlò ilé iṣẹ́ Bosch gbogbo: 30, 15, 31, 50. Títí dòní, kò sí rìwáyà kan ní Nàìjíríà tí kò mọ 30, 85, 86 àti 87 tó wà lábẹ́ rìlé. Lẹ́yìn èyí ni ó máa ń bi wọ́n bí plọ́ọ̀gì ṣe ń tanná tẹ̀ léra. Bó bá pe Ìjàpá, Volkswagen yẹn, wọn yóò ní “kan, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì!” Bó bá pe Píjò, wọn yóò ní “kan, mẹ́ta, mẹ́rin, méjì!” Mo mọ̀ ọ́n sórí kí n tó mọ ìsọdipúpọ̀. Mo sì mọ̀ pé ẹnu kọ́ńtáàtì Ìjàpá kò gbọdọ̀ ya ju 0.4 mìlímítà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páálí sìgá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ní Ìlárá, wọ́n á gé e, wọ́n á ki í bọ àárín, wọ́n á fà á díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó fún tàbí ó dẹ̀.

Irú ọkọ̀ méjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí à ń rí. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Ọmọṣẹ́ tó bá mọ Ìjàpá, tó mọ Píjò 504, ó ti mọ ìdajì ọkọ̀ tó ń rìn ní títì. Ohun tí ọ̀gá kan ní Ìpẹru mọ̀, ọ̀gá tó wà ní Ìsarà náà mọ̀ ọ́n. Àdánù ńlá ni pé irú ìgbà yẹn ti lọ, mi ò sì ní fi bò.

Ṣùgbọ́n mo rántí òru kan pẹ̀lú. A kó obì ìyá mi sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, àwọn agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú dáadáa, a ń lọ sí Ṣágámù kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀. A ò tíì kúrò ní Ìlíṣàn tí iná iwájú fi kú. Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó wo fíúsì, ó ti jóná. Kò ní òmíràn. Ó yọ páálí sìgá láti àpò, ó bó bébà fàdákà inú rẹ̀, ó fi wé fíúsì tó jóná náà, ó tẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀. Iná tàn! Gbogbo wa yìn ín. Ìyá mi pàápàá ṣàdúrà fún un. Nígbà tí a sún mọ́ Ìkẹ́nnẹ́ ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, òórùn rọ́bà tó ń jó sì gba gbogbo iwájú ọkọ̀. Wọ́n fi agídí tú bátìrì, wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ dà á. A sọ agbọ̀n obì kalẹ̀ sínú òjò. Obì tí òjò pa, tí èéfín sì bá, àwọn ará Sábó ò bá ọ náání rẹ̀. Wọ́n á gé ẹyọ kan, wọ́n á rùn ún, wọ́n á jù ú padà. Odindi ọdún ni ìyá mi fi san gbèsè àwọn àgbẹ̀ tó gba obì yẹn lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà padà dé Ìlárá, Bọ̀ọ̀dá Rìwáyà fa wáyà tó jóná jáde, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo. Ó gbé e sókè fún àwọn ọmọṣẹ́. Ó ní, “Fíúsì ló yẹ kó kú kí wáyà lè yè.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń sọ pé ọkọ̀ ayé àtijọ́ kò ní wàhálà, mo máa ń rántí obì yẹn. Ọkọ̀ ìgbà náà kò lè sọ ohun tó ń dùn ún. Ó ń jóná lọ ní ìdákẹ́, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ títí èéfín fi jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà tó ń tan iná náà ló ń wọn agbára tó ń gbà kọjá. Bó bá ti pọ̀ jù, yóò pa á, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun pa á.

Ọdún 1986 ni nǹkan yí padà, níhìn-ín àti lókè òkun, láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀ pé ọ̀nà méjèèjì yóò pàdé. Ní oṣù Kejì ọdún náà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Bosch dúró níwájú àpérò àwọn ẹlẹ́rọ ọkọ̀ ní Detroit, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún 1983: ọ̀nà tí gbogbo ẹ̀rọ inú ọkọ̀ yóò fi máa bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì péré. CAN ni wọ́n pè é. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já, Píjò tuntun sì kúrò ní ohun tí olùkọ́ tàbí oníṣòwò obì lè dá lábàá. Ohun tó gba títì lẹ́yìn náà ni tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n ń kó gba Kútọnu wọlé. Nígbà tí CAN fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, kò bá ọkọ̀ tuntun wá, kò bá ìwé ìtọ́ni wá, kò sì sí olùkọ́ kankan tó tẹ̀ lé e. Inú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò tán ló fara pamọ́ sí wọ ìlú.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé, àwọn tó ní nọ́súlù dípò kabúrẹ́tọ̀ àti brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, dẹ́rù ba gbogbo ìlú. Mo rí àwọn mẹkáníìkì tó yọ gbogbo nọ́súlù kúrò lára ẹ́ńjìnnì tó dára, tí wọ́n fi kabúrẹ́tọ̀ Píjò rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì tó bá ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á yọ gílóòbù rẹ̀ kí ọkàn onímọ́tò lè balẹ̀. Kì í ṣe ìwà ibi. Ohun tí ọwọ́ wọn ká ni wọ́n ṣe. Ní ṣọ́ọ̀bù Ìlárá, tẹ́sítà tí mo fẹ́ràn yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀: ọmọṣẹ́ kan fi ìṣó rẹ̀ gún wáyà tó lọ sínú brain box, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe kọ́ ọ. Gílóòbù náà fa agbára ju ohun tí inú brain box lè gbé lọ, ó sì pa á. Ọ̀gá ló san owó òmíràn. Ọjọ́ náà ni ó gbé tẹ́sítà kọ́ ara òpó, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e sún mọ́ tòkunbọ̀ mọ́. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ gbogbo wáyà kò sì mọ ohun tí ì bá fi rọ́pò rẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó lóye ohun tó yàtọ̀ gan-an. Ìgbà tí mo ra ọkọ̀ tèmi, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀, ni mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Nínú Ìjàpá, okùn irin kan ló ń gbé e láti ara táyà iwájú lọ sídìí ọwọ́ aago, kò sí ẹlòmíràn tó nílò rẹ̀. Nínú ọkọ̀ òní, ẹ́ńjìnnì fẹ́ mọ̀ ọ́n, jíà fẹ́ mọ̀ ọ́n, bíréèkì ABS fẹ́ mọ̀ ọ́n, ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n, títí kan rédíò tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ọkọ̀ bá ń sáré. Àwọn ọkọ̀ olówó ńlá mìíràn ní kọ̀ǹpútà kéékèèké tó lé ní 70. Bí a bá fẹ́ fa wáyà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wáyà nìkan ni ọkọ̀ yóò máa gbé kiri.

Bí ara Ìlárá bá ní kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe dípò rẹ̀, ìpàdé ẹbí ni màá tọ́ka sí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yóò sọ ọ́ sáàárín agbo, gbogbo ẹni tó jókòó ló ń gbọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò sì ṣe nǹkan sí i. Bí ẹni méjì bá lanu pọ̀, àbúrò á dákẹ́, ẹ̀gbọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láì tún un bẹ̀rẹ̀. Lórí CAN, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ni ẹ̀gbọ́n. Nítorí náà, wọ́n ń fún ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ pẹ́ ní nọ́ńbà kékeré, kí ọ̀rọ̀ ìtutù inú ọkọ̀ má bàa dí i lọ́nà. Lórí CAN ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ kan kì í gùn ju báìtì mẹ́jọ lọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè gba gbogbo àyè lọ. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ka àṣìsọ ara rẹ̀. Bí òǹkà náà bá kọjá 255, yóò yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ kó má bàa ba ti àwọn yòókù jẹ́.

Wáyà méjèèjì náà wé mọ́ra. Nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀, fóòtì 2.5 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀kan á gòkè sí 3.5, ìkejì á sọ̀ kalẹ̀ sí 1.5. Ìyàtọ̀ àárín wọn nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Bí ariwo iná láti ìdí kọ́ìlì bá kọlù wọ́n, ó ń kọlu méjèèjì pọ̀ torí pé wọ́n wé mọ́ra, ìyàtọ̀ náà kò sì yẹ̀. Àwọn ohun kéékèèké, bíi wíńdò àti dígí ẹ̀gbẹ́, tún ní ọ̀nà tiwọn tó rọjú, wáyà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní LIN.

Ihò pẹlẹbẹ abẹ́ sítíárì náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin ti ní kí gbogbo ọkọ̀ kéékèèké ní in, ihò 16 nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè rí i bóyá ẹ́ńjìnnì ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Yúróòpù tẹ̀ lé e ní ọdún 2001 fún ọkọ̀ onípẹtiróòlù. Nígbà tó di ọkọ̀ ọdún 2008, Amẹ́ríkà ní CAN ni gbogbo wọn gbọdọ̀ máa fi dáhùn níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ àwọn ará California ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun ni ilẹ̀kùn tí ọmọ Ìlárá ń gbà wọlé báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ní Ìlíṣàn, ra ẹ̀rọ kékeré yẹn fúnra rẹ̀. Kó tó lọ bá mẹkáníìkì, ó ti mọ ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ sọ. Kò sí ọkùnrin tó lè ní kó lọ bu omi wá. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, mi ò lè lálàá irú rẹ̀.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí inú mi ò dùn sí. Ṣọ́ọ̀bù aláìlógiri yẹn jẹ́ kí n kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Ìmọ̀ wà lójú, ọmọ tó ń kọjá lè mú tirẹ̀. Lónìí, ojú fóònù ẹnì kan ni ìmọ̀ wà, bó bá yí i sí apá kejì, ọmọṣẹ́ tó dúró tì í kò rí nǹkan kan. Kọ̀ọ̀dù ló sì ń jáde, kì í ṣe ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ ló ń gba owó skáànù, tí wọ́n ka kọ̀ọ̀dù sókè, tí wọ́n ní kí onímọ́tò lọ ra ohun tí orúkọ rẹ̀ wà nínú kọ̀ọ̀dù náà. Àwọn apá kan nínú ọkọ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ẹni tí kò sanwó fún wọn kò lè kà á. Mo gbà pé wọ́n ní ìdí. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí méjì, Charlie Miller àti Chris Valasek, gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú Jeep kan tó ń sáré lójú títì ní Amẹ́ríkà, wọ́n pa agbára rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì pe ọkọ̀ mílíọ̀nù 1.4 padà fún àtúnṣe. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olè ti ń tú iná iwájú ọkọ̀ láti dé ìdí wáyà CAN, kí wọ́n lè purọ́ fún ọkọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti dé. Agbo tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ti lè sọ̀rọ̀, ó yẹ kó ní olùṣọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, tí wọ́n sì tì í mọ́ rìwáyà Ìlárá pẹ̀lú, ta ni yóò tún ọkọ̀ tó ti kúrò lọ́wọ́ wọn tó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa ṣe? Ìbínú tí mo ní nìyẹn, n kò sì tíì gbọ́ èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọkọ̀ tèmi gan-an ló jẹ́ kí n rí bí ọmọ ọmọ Bàbá Rìwáyà ṣe ń ronú. Iná ABS tàn, ọwọ́ aago tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré wálẹ̀ sí òdo. Níbòmíràn tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ka kọ̀ọ̀dù U0121, wọ́n ní ẹ̀rọ ABS ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo gbé e wá sí Ìlárá. Ọmọ náà ka kọ̀ọ̀dù kan náà, ó ní, “Ẹ má tíì rà á, Mà. Kọ̀ọ̀dù yìí kò ní ó ti kú. Ó ní àwọn yòókù ò gbúròó rẹ̀.”

Ó tú bátìrì, ó dúró díẹ̀, ó mú mítà, kì í ṣe fóònù. Ó ki ẹnu kan bọ ihò kẹfà lábẹ́ sítíárì, ó ki ìkejì bọ ìkẹrìnlá tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ó ṣàlàyé fún mi bó ṣe ń ṣe é. Ní orí kọ̀ọ̀kan wáyà CAN, wọ́n fi ìdènà óòmù 120 sí i kí ọ̀rọ̀ má bàa ta padà. Bí méjèèjì bá pé, 60 ni mítà yóò kà, torí pé iná ń gba ọ̀nà méjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Mítà ka 120. “Orí kan ti já,” ló wí. Nínú ọkọ̀ mi, inú ẹ̀rọ ABS ni orí kejì wà. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ wọ́ ara ìdìpọ̀ wáyà lọ láìwò ó, bí ẹni tí mo mọ̀ rí ṣe máa ń ṣe é. Eku ló ti jẹ ẹ́. Ó ta á pọ̀, ó fi sódà dè é, ó sì tún wé wáyà méjèèjì mọ́ra bó ṣe bá a kí ó tó fi téèpù wé e. Mítà ka 60. Ó gba owó iṣẹ́ tí mo tijú láti dúnàádúrà lé lórí.

Ládípọ̀, ní Èkó, ló ti lọ sanwó kọ́ ọ, ó ní ìyókù wá láti inú fídíò tí àwọn ará Íńdíà àti Amẹ́ríkà gbé sórí YouTube. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ tirẹ̀, ọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan láti Àkàkà, ó sì ń yí mítà sí wọn kí wọ́n rí i. Nígbà tí mo fẹ́ gbé ọkọ̀ mi lọ, ó ti kó wọn jọ sídìí rẹ̀.

“Ọgọ́ta?”

“Orí méjèèjì pé!”

“Ọgọ́fà?”

“Orí kan ti já!”

“Òdo ńkọ́?”

“Wáyà méjèèjì ti kan ara wọn!”

Ọmọbìnrin náà ní, “Ọ̀gá, bó bá wá jẹ́ ogójì ńkọ́?”

Kò dá a lóhùn. Ó ní kó rò ó. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kọ 120 sínú eruku lẹ́ẹ̀mejì, ó tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ẹ̀kẹta ti wọ̀ ọ́. Ẹnì kan ti so nǹkan tó ní ìdènà tirẹ̀ mọ́ ọn.”

“Kí lo máa kọ́kọ́ wò?”

“Ohun tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn tí ọkọ̀ dé Nàìjíríà. Tírákà.”

Ó gbà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n jọ dìde, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó páàkì bọ́ọ̀sì rẹ̀ sí òdìkejì títì, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé bí tírákà bá wà nínú rẹ̀, kó jẹ́ kí àwọn wọ̀n ọ́n wò.